Méjìlá Logún Mi

Ìbọn tí Ọdẹ́dínà bàbá mi fi sílẹ̀,
olójú méjì, gééjì méjìlá,
ìdí rẹ̀ ti dán bí àpótí ìdáná.
Èmi tíṣà ìṣirò ní Ìtòkú, àkọ́bí rẹ̀,
èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ:
"Ọdẹ́wùmí, ogún ẹ nìyí."
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín sínú agbádá.

Mo gbé e lọ sóko Ọ̀pẹ̀jì nígbà ọyẹ́.
Wọ́n ní bákan náà ni gbogbo àparò ṣe ga,
àfi èyí tó bá gun orí ebè.
Èyí tó gun orí ebè ni mo yìnbọn sí,
ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré.
Gbàù!
Èjìká mi bá ẹ̀yìn lọ, etí mi di.
Nígbà tí èéfín ká kúrò,
ebè wà níbẹ̀, àparò ò sí.
Ìyẹ́ ni mo ṣà wálé, ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ìyá mi wo ìyẹ́, ó wo ojú mi:
"Ìrọ̀rí lo fẹ́ rán ni?"

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Ṣóyọyè lọ ní Ìjẹmọ̀,
bàbá tó ń tún ìbọn ṣe lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà.
Kò bèèrè iye tó wà lápò mi.
Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ sè?"
Mo ní àparò. Àdàbà. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, ehoro,
tàbí òkété tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi.
"Kì í ṣe ẹfọ̀n?"
Mo ní kì í ṣe ẹfọ̀n.
"Kì í ṣe olè?"
Mo dákẹ́. Ó ní ìdákẹ́ náà dáa.

Ó mú òjé, ó ní kí n ṣírò, ṣebí tíṣà ni mí:
òjé ìwọ̀n pọ́ùn kan,
pín in sí méjìlá, rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní róbótó,
ihò ìbọn tó bá gba ọ̀kan gẹ́ẹ́, méjìlá lorúkọ rẹ̀.
Pín in sí ogún, òjé á kéré sí i, ihò á fún.
"Nílé ìbọn," ó ní, "ogún ni àbúrò méjìlá."
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
pé ogún ju méjìlá lọ.

Ó mú irinwó-lé-mẹ́wàá jáde, tín-ín-rín bí ọ̀pá agboòrùn.
"Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í tàsé ló ni èyí,
ọta inú rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"
Mo rántí ebè. Mo ní kó gbé e padà.

Mẹ́rìndínlógún wà láàárín, ó sì rẹwà,
ṣùgbọ́n katiríìjì rẹ̀ wọ́n ju ẹyin awó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Kí ni ìbọn tí kò róúnjẹ jẹ?
Igi ìdáná tó nírin lẹ́nu.

Mo gbé ogún sí èjìká.
Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí mo ti pọ̀n rí.
Ṣóyọyè ka ọta sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ọkà bàbà:
wẹ́wẹ́ fún àdàbà, èyí tó jù ú díẹ̀ fún ehoro.
"Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ fò. Ẹ jẹ́ kó jìnnà tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀.
Ẹni tó súnmọ́ ẹran jù, ó ń fi ọbẹ̀ ṣòfò."

Oṣù mẹ́ta ni ìwé àṣẹ sùn sí Ẹlẹ́wẹ́ran.

Méjìlá ṣì wà lára ògiri, mo ń fi òróró pa á.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní mo ti kọ ogún sílẹ̀.
Mo ní rárá o, bàbá, ogún gan-an ni mo mú.

Lọ́jọ́ Sátidé, àparò fò létí odò Ògùn.
Mo tàsé.
Òmíràn fò, mo tún tàsé.
Ẹ̀kẹta já bọ́ sínú koríko, odidi,
ojú rẹ̀ là bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan.

Ìyá mi fi ata àti irú sè é, kò sọ̀rọ̀.
A ń jẹun lọ, ó dúró, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ó tu ọta kan sí etí abọ́: kín!
Ó yí i wò lábẹ́ iná.
"Gbé e padà fún Ṣóyọyè.
Sọ fún un pé eyín mọ́kànlá ló kù lẹ́nu mi.
Méjìlá ni wọ́n kí n tó jókòó."